Ọkọ Ni Wọ́n Dá Lẹ́jọ́, Ìyàwó Ló San Ìtanràn

Ní ọdún 1917, ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ní Èkó yọ àwọn kan lára àgbà ìjọ lẹ́gbẹ́ nítorí pé wọ́n ní ju ìyàwó kan lọ. Àwọn tí wọ́n yọ yìí kì í ṣe àlejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yà wọlé. Wọn ò padà sídìí òrìṣà, wọn ò sì lé ìyàwó wọn. Wọ́n dá ìjọ tiwọn sílẹ̀, United African Methodist Church, tí àwọn ará Èkó ń pè ní Ẹlẹ́ja.

Ọ̀rọ̀ náà ti ń rú bọ̀ tipẹ́. Ní 1888, àwọn bíṣọ́ọ̀bù Áńgílíkà láti káàkiri ayé péjọ sí Lambeth ní London, wọ́n sì dìbò lórí ọ̀rọ̀ ọlọ́pọ̀ aya. Ìbò 83 sí 21 ni wọ́n fi pinnu pé kò gbọdọ̀ ṣe ìrìbọmi. Kí wọ́n máa kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́ títí yóò fi lè gba òfin Kristi. Nígbà tó kan àwọn ìyàwó rẹ̀, ẹnu wọn ò kò mọ́: àwọn 54 ní wọ́n lè rì wọ́n bọmi nígbà mìíràn, bí àwọn aláṣẹ ibẹ̀ bá rí i pé ó yẹ, àwọn 34 kọ̀ jálẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí ìdájọ́ yìí ń ṣe nínú ilé. Ọkùnrin tó bá fẹ́ ṣe ìrìbọmi ní láti yan ìyàwó kan, kó lé àwọn yòókù. Ta ni yóò wá kó ẹrù? Obìnrin tí wọ́n ṣe ìdána rẹ̀ níṣojú ẹbí méjèèjì ni, tí kò gba ọkọ ọlọ́kọ, tí kò sì rú òfin kankan tó mọ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀. Àwọn ọmọ sì rèé, ọmọ ilé bàbá wọn ni wọ́n. Ṣé kó fi wọ́n sílẹ̀ ni, àbí kó kó wọn lọ síbi tí wọn ò ti ní ìpín? Ẹnu kan náà tó ń bú ìkọ̀sílẹ̀ lórí àga ìwàásù ló ń pàṣẹ ìkọ̀sílẹ̀ fún ẹni tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ ìrìbọmi.

Kì í ṣe pé kò sẹ́ni tó rí i. Láti 1855 ni John William Colenso, bíṣọ́ọ̀bù Natal ní Gúúsù Áfíríkà, ti kọ ọ́ pé ìkà ni kí wọ́n máa fipá lé àwọn ìyàwó wọ̀nyí. Nígbà tó yá, wọ́n fẹ̀sùn àdámọ̀ kan Colenso nítorí ohun mìíràn tó kọ nípa Bíbélì. Ìmọ̀ràn ẹni tí wọ́n ń pè ní aládàámọ̀ kì í tà.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ ọ́ di ìjà òyìnbó àti ènìyàn dúdú. Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther pàápàá kò fara mọ́ ìkóbìnrinjọ. James Johnson tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ọmọ Áfíríkà nínú ìjọ tún le ju òyìnbó mìíràn lọ lórí rẹ̀. Ìwà tí àwọn aláṣẹ ìjọ Áńgílíkà hù sí Johnson ló mú kí àwọn kan fi ìjọ rẹ̀, St. Paul's ní Breadfruit, Èkó, sílẹ̀ ní 1901, tí wọ́n dá African Church sílẹ̀, ìjọ tó gba ọlọ́pọ̀ aya wọlé. Johnson fúnra rẹ̀ kò bá wọn lọ.

Èmi náà ò gbèjà ìkóbìnrinjọ o. Ẹni tó bá ti gbé láàárín orogún kò ní fi ṣe àdúrà fún ọmọ rẹ̀ obìnrin. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ní Èkó ìgbà náà, àwọn kan lára àwọn ọ̀mọ̀wé tó gbé ìyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì ní obìnrin mìíràn ní kọ̀rọ̀, tí gbogbo àdúgbò sì mọ̀. Ẹni tó bá fi tiẹ̀ pa mọ́ a máa rí Ìdàpọ̀ Mímọ́ gbà. Ẹni tó jẹ́wọ́ ni wọ́n ń lé.

Ní 1988, ní ìpàdé àwọn bíṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ṣì ń fi orúkọ Lambeth pè, ọ̀rọ̀ yìí tún dé. Bíṣọ́ọ̀bù David Gitari láti Kẹ́ńyà ló ṣíwájú rẹ̀. Ìpàdé náà ṣì sọ pé ọkọ kan aya kan ni ètò Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n wọ́n ní kí wọ́n gba ọlọ́pọ̀ aya tó bá gbàgbọ́ wọlé pẹ̀lú àwọn ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ tó gbàgbọ́, bí ìjọ àdúgbò bá fọwọ́ sí i, tí òun náà sì ṣèlérí pé òun ò ní fẹ́ kún wọn. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má fipá mú un kọ èyíkéyìí sílẹ̀, nítorí ìyà tí yóò jẹ àwọn obìnrin náà láwùjọ.

Ẹ̀kọ́ tí wọ́n fi ń wàásù ní 1888 kò yí padà ní 1988. Àwọn obìnrin tí ìdájọ́ náà máa já lé lórí ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá rò mọ́ ọn, lẹ́yìn 100 ọdún. Ẹ̀yin oníwàásù wa, ọ̀rọ̀ tó ń pín ìjọ níyà kò tán nílẹ̀ títí dòní. Kí ẹ tó gun àga ìwàásù lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, ẹ kọ́kọ́ lọ sílé ẹni tí yóò kó ẹrù bí ìwàásù yín bá ṣẹ, kí ẹ sì jẹ́ kó sọ tẹnu rẹ̀ tán.