Orí Tó Jáde Sínú Òjò

Àwọn òbí máa ń bi babaláwo pé: ọmọ tó fi iṣẹ́ tó ti mọ̀ ọ́n ṣe sílẹ̀, tó lọ ń wá òmíràn, ṣé kì í ṣe orí ara rẹ̀ ló kọ̀? Ọmọ àjèjì kan ni mo fẹ́ fi dáhùn. Ìlú Pescara ní Ítálì ni wọ́n ti bí Floria Sigismondi lọ́dún 1965, Hamilton ní Kánádà ló sì dàgbà sí. Olórin ọpẹ́rà ni bàbá àti ìyá rẹ̀. Ó kọ́ iṣẹ́ ọnà ní Toronto, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya fọ́tò oge. Láti ibẹ̀ ló ti bọ́ sídìí fídíò orin. Ó darí fíìmù The Runaways ní 2010, nígbà tó sì di 2020, fíìmù adẹ́rùbani ló gbé jáde: The Turning.

Ogbègúndá ni mo fi ń wo ìrìn yìí. Nínú odù náà, Oríṣẹ̀ẹ́kú, Oríléèmèrè àti Afùwàpẹ́ ń ti ọ̀run bọ̀ wáyé, wọ́n sì ní láti yan orí nílé Àjàlá alámọ̀. Àwọn méjì àkọ́kọ́ kò yà sí ibì kankan lọ́nà. Orí tó ń dán, tó wu ojú, ni wọ́n gbé, wọn kò sì mọ̀ pé iná kò tí ì jó o dénú. Òjò bá wọn lọ́nà, amọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Afùwàpẹ́ yà sọ́dọ̀ Ọ̀rúnmìlà bàbá rẹ̀, ó rúbọ, ó sì bá Àjàlá san gbèsè tó wà lọ́rùn rẹ̀. Àjàlá wá fi ọ̀pá irin dán àwọn orí wò lójú rẹ̀, títí wọ́n fi rí èyí tó gbó.

Ẹ kíyè sí i pé Ifá kò bá ẹwà jà níbí. Ohun tó ń bèèrè ni bí iná ṣe jó o tó. Òjò kì í rọ̀ nínú ilé tí wọ́n ti ń ya fọ́tò oge. Ìmọ́lẹ̀ àti àtíkè ló ń tọ́jú ojú níbẹ̀. Fíìmù adẹ́rùbani ló ń gbé ojú kan náà jáde sínú òjò. Mo gbà tọkàntọkàn pé ẹni tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún tọ́jú ẹwà ló mọ ibi tí amọ̀ ti ń là.

Ẹ̀rí rẹ̀ ti wà láti 1996. Nínú ilé ìpọntí kan tí wọ́n ti pa tì ní Toronto ni Sigismondi ti ya fídíò orin tí akọrin Marilyn Manson pè ní The Beautiful People. Àwọn arẹwà ni àkọlé náà ń tọ́ka sí, àmọ́ irin ló fi ya ẹnu akọrin náà sílẹ̀, igi àgéré ló sì gbé e gùn. Ọ̀pá Àjàlá ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà náà.

The Turning, tó ti inú ìwé Henry James ti 1898 wá, jẹ́ ìtàn olùtọ́jú tó lọ bá ọmọ òrukàn méjì nínú ilé ńlá kan. Ọ̀pá náà ba fíìmù yìí pẹ̀lú: F, máàkì tó kéré jù lọ, ni àwọn òǹwòran fún un nígbà tí CinemaScore bi wọ́n léèrè. Lójú tèmi, àwòrán inú rẹ̀ gbó dáadáa. Ìparí rẹ̀ ni iná kò tó. Ó dùn mí, nítorí ojú tó ya ilé yẹn mọ ohun tó ń wá.

Síbẹ̀, n kò ní pe èyí ní orí tó ṣí. Ifá tún sọ nípa ìgbà tí gbogbo Orí péjọ láìpe Ẹsẹ̀, tí ìpàdé wọn sì di ìjà. Orí ni a yàn lọ́run, ẹsẹ̀ ló ń rìn ín dé ibi tó ń lọ. Láti ilé ìpọntí Toronto dé ilé ńlá tí wọ́n ti ya The Turning ní Áyálàǹdì, ó lé ní ogún ọdún tí ẹsẹ̀ yẹn fi rìn, ohun kan náà ló sì ń wá.