Ẹjọ́ Ohun Tí Kò Lẹ́nu

Àwọn àgbà a máa wí pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Gbogbo wa ni a gbà bẹ́ẹ̀ bí ẹjọ́ bá wà láàrin ènìyàn méjì. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí a fẹ̀sùn kàn kò bá lẹ́nu ńkọ́? Bí ẹni tí ó mọ̀ jù níbẹ̀ bá dá a lẹ́bi láìwádìí, tí ó sì gbà tọkàntọkàn pé òtítọ́ ni òun ń sọ, ǹjẹ́ ó ṣẹ̀? Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ kí á jọ yẹ̀ wò, ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi.

Ní Ore, níbi tí ọ̀nà Oǹdó ti pàdé ọ̀nà tí ó ti Èkó lọ sí Benin, mo bá obìnrin kan tí ó ń fi ìwé títẹ̀ jẹun ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá kan tí ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Ó ti ra díìsìkì tuntun, èyí tí kọ̀ǹpútà ń kó ohun gbogbo pamọ́ sí, lọ́wọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní òdìkejì títì. Ọ̀gá fẹ́ gbé Windows sórí rẹ̀, Windows kọ̀. Ọ̀rọ̀ hàn lójú ẹ̀rọ pé kò ṣeé ṣe lórí díìsìkì yìí. Ọ̀gá kò kà á dé ìdajì tí ó fi wí pé, "Màmá, wọ́n ti lù yín ní jìbìtì. Òkú ọjà ni." Obìnrin náà ti fi gèlè gbàjá, ó fẹ́ lọ bá ẹni tí ó tà á jà, kí ọmọ iṣẹ́ kan tó rọra wí pé, "Ẹ jọ̀wọ́ ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí á kà á tán."

Wọ́n kà á tán. Ìlànà MBR ni wọ́n fi pín díìsìkì náà. Bẹ́ẹ̀ ni lórí kọ̀ǹpútà tí ó ń gba ọ̀nà UEFI tan, GPT nìkan ni Windows ń gbà. Wọ́n pe ọ̀dọ́mọkùnrin náà. Ó ní òun ti so ó mọ́ kọ̀ǹpútà àtijọ́ òun láti dán an wò, kí òun má baà ta ọjà tí kò dára. Níbẹ̀ ni MBR ti wọ̀ ọ́. Òtítọ́ inú rẹ̀ gan-an ni wọ́n fẹ́ kà sí jìbìtì! Ọ̀gá kọ́kọ́ yọ díìsìkì àtijọ́ tí ìwé obìnrin náà wà nínú rẹ̀ kúrò, nítorí pé ọ̀nà tí wọ́n fẹ́ gbà sọ díìsìkì di GPT a máa nu ohun gbogbo inú rẹ̀ kúrò, bí a bá sì ṣi ọ̀kan mú fún èkejì, iṣẹ́ ọdún púpọ̀ ti ṣègbé. Lẹ́yìn èyí, Windows wọlé wẹ́rẹ́.

Ẹnìkan lè wí pé ọ̀gá kò purọ́. Ohun tí ó rò ni ó sọ. Mo gbà. Àìmọ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n oníbàárà kò lè wo inú ẹ̀rọ. Ojú ọ̀gá ni ó fi ń ríran. Ohun tí ó jẹ́ èrò lásán lọ́kàn ọ̀gá, ìdájọ́ ni létí oníbàárà. Nítorí náà gbèsè wà lọ́rùn rẹ̀: kí ó yẹ wáyà wò, kí ó yẹ fùláàṣì wò, kí ó gbé díìsìkì sínú ẹ̀rọ mìíràn, kí ó sì máa yí ohun kan ṣoṣo padà lẹ́ẹ̀kan, nítorí bí ó bá yí mẹ́ta padà pọ̀, kò ní mọ èyí tí ó jẹ̀bi. Báyìí ni ohun tí kò lẹ́nu ṣe ń rojọ́.

Àtakò kan tún wà tí ó le ju èyí lọ: bí oníṣẹ́ bá wí pé òun kò tíì mọ̀, oníbàárà yóò lọ sí ṣọ́ọ̀bù kejì, kí ni yóò jẹ? Òtítọ́ ni, ibẹ̀ sì ni ẹ̀bi ti kan àwa náà. Àwa ni a ń sanwó fún ẹnu yíyá, tí a sì ń fojú di ẹni tí ó ní "ẹ jẹ́ kí n wò ó ná." Ní yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ pàápàá, olùkọ́ wo ni a ń yìn nígbà tí ó bá wí pé òun kò tíì mọ̀?

Ìdáhùn mi nìyí: ó ṣẹ̀, kì í ṣe nítorí pé kò mọ̀, bí kò ṣe pé ó fi aṣọ ìmọ̀ bo àìmọ̀, nígbà tí orúkọ rere ẹlòmíràn wà nínú ewu. Díìsìkì kò ní orúkọ tí yóò bàjẹ́. Ẹni tí ó tà á ní. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀lọpọ̀ ohun tí kò lẹ́nu, ènìyàn ń bẹ níbẹ̀.