Padà Lọ Parí Ẹ̀kọ́ Rẹ

Bíbélì kíkà: Dáníẹ́lì 1:3-20

Ọdún 3 ni ọba là sílẹ̀ kí Dáníẹ́lì fi kọ́ ìwé àwọn ará Kálídíà. Ọlọ́run tó fún un ní òye kò ní kó má jókòó kẹ́kọ̀ọ́.

Ìwọ tó gba HND ní poli, tó o sì ti lé ní ogójì ọdún, mo mọ ohun tó ń dá ọ dúró. Kì í ṣe owó nìkan. Ojú ń tì ọ́ láti jókòó ti ọmọ tí o lè bí. Ó ṣe èmi náà. Ọmọ tó jókòó tì mí ń pè mí ní Dádì! Nígbà tó yá, èmi ni mo ń bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣàlàyé ìṣirò fún mi.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún níṣẹ́ ìjọba, ìpele 14 ni HND ń dé dúró; ẹni tó ní dìgírì ń lọ dé 17. Àwọn kan tìtorí èyí lọ ra ayédèrú ìwé-ẹ̀rí. Má dán an wò o. Ìbẹ̀rù ni wàá máa bá sùn, òun náà ni wàá máa bá jí.

National Open University gba ẹni tó ń ṣiṣẹ́. Ibẹ̀ ni Olóyè Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ti gba oyè ọ̀mọ̀wé ní 2018, lẹ́ni 80 ọdún, lẹ́yìn tó ti ṣe ààrẹ tán. Bá ẹnìkejì rẹ sọ̀rọ̀ lónìí, ẹ jọ ṣírò owó rẹ̀.

Àdúrà: Baba, mú ìtìjú kúrò lójú mi, kí o sì pèsè owó ilé-ẹ̀kọ́ mi, ní orúkọ Jésù. Àmín.