Ṣé a jẹ ilé iná ní gbèsè?

Ní 1900 ni wọ́n tan iná sórí ilé gogoro Rubjerg Knude, létí òkun àríwá Dẹ́nmáàkì, kó lè máa tọ́ ọkọ̀ ojú omi sọ́nà. Ní 1968, wọ́n pa á. Síbẹ̀, nígbà tí òkun jẹ ilẹ̀ dé tòsí rẹ̀, wọ́n gbé odidi ilé náà lé ojú irin ní 2019, wọ́n sún un sẹ́yìn ní 70 mítà.

Ṣé kì í ṣe owó ṣòfò? Èmi tí mò ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, èyí tí ò bá wúlò mọ́, mo máa ń pa á rẹ́ ni. Lóòótọ́, ògiri ò mọ oore. Àmọ́ àwa mọ̀ ọ́n. Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ ẹ̀ ló ń mu. Ẹni tó ní kí òkun gbé e lọ, ṣé òun ò ní dàgbà ni?