Ìrìbọmi Kì Í Ṣe Ohun Ìkánjú

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko mọ́ni lọ́wọ́. Mo ti gbọ́ òwe yìí lórí ọ̀rọ̀ ìyàwó, lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti lórí ọ̀rọ̀ oyè, ṣùgbọ́n n kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pa á lórí ìrìbọmi. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ibẹ̀ gan-an ló ti yẹ ká pa á lónìí.

Ẹ wo bí ó ṣe máa ń rí. Ìgbéyàwó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n ti pín aṣọ ẹbí, wọ́n ti sanwó gbọ̀ngàn, ni àlùfáà bá ní kí ọkọ ìyàwó mú ìwé ìrìbọmi rẹ̀ wá. Kò ní. Ilé dàrú. Wọn a bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó mọ ẹni tó mọ àlùfáà, títí wọn yóò fi rí ìjọ kan tí yóò ri arákùnrin náà bọmi lọ́jọ́ Sátidé, tí yóò sì fi ìwé lé e lọ́wọ́ kí irun orí rẹ̀ tó gbẹ. Bí ẹ bá bi í léèrè pé kí ni ó kọ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, kí ni ó sì gbà, ojú lásán ni yóò máa fi wò yín. N kò dá a lẹ́bi tó àwọn tó gbà láti ṣe é fún un.

Pọ́ọ̀lù ti sọ ìtumọ̀ omi yìí fún àwọn ará Róòmù, ní orí kẹfà ìwé tó kọ sí wọn: ẹni tó wọ inú omi bá Kristi kú, wọ́n sì sin ín pẹ̀lú rẹ̀, ẹni tó jáde bá a jíǹde sí ìgbé ayé ọ̀tun. Ìsìnkú ni, kì í ṣe wíwẹ̀. Àwa Yorùbá kì í sì í sin alààyè. Ẹni tí ìwà àná ṣì ń ta kébé lára rẹ̀, tí kò tíì ronú àtifi í sílẹ̀, kí ni wọ́n wá ń sin?

Ìtàn tó bá ọ̀rọ̀ yìí mu wà nílé wa níbí. Ní 1821 ni wọ́n kó Àjàyí lẹ́rú ní Òṣoògùn. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lórí òkun, wọ́n sì gbé e lọ sí Sierra Leone. Ó kọ́ ìwé kíkà níbẹ̀, ó kọ́ iṣẹ́ káfíńtà, ó sì gbọ́ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run. Ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 1825 ni wọ́n tó rì í bọmi, tó wá di Samuel Crowther. Ó lé ní ọdún mẹ́ta tó ti gúnlẹ̀ kí omi tó kàn án lórí.

Èyí tó wọ̀ mí lára jù ni ti ìyá rẹ̀. Ní 1846, Crowther tó ti di àlùfáà dé Abẹ́òkúta, ó sì rí Afala ìyá rẹ̀ lẹ́yìn ọdún 25. Ẹ rò ó wò. Ọmọ ní omi, ọmọ ní àṣẹ ìjọ, kò sì sí ohun tí ọkàn rẹ̀ ń fẹ́ ju kí ìyá rẹ̀ di ti Kristi lọ. Ta ni ìbá bá a wí bó bá rì í bọmi láàárọ̀ ọjọ́ kejì? Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó di 1848 kí ìyá tó gba ìrìbọmi. Hánà ni wọ́n sọ ọ́. Ìyá Sámúẹ́lì, kí ni wọn ì bá tún sọ ọ́! Bí ọmọ bá lè mú sùúrù fún ìyá tó tún rí lẹ́yìn oko ẹrú, kí ló dé tí àwa kò lè mú sùúrù fún ọkọ ìyàwó?

Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò rán mi létí ìwẹ̀fà ará Etiópíà, tí Fílípì rì bọmi lẹ́bàá ọ̀nà lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ pàdé. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yẹn ti Jerúsálẹ́mù tó ti lọ jọ́sìn bọ̀ ni, ìwé Àìsáyà ló sì ń kà nínú kẹ̀kẹ́ ẹṣin rẹ̀ nígbà tí Fílípì bá a. Ó bi í ní ìbéèrè, wọ́n ṣàlàyé fún un, òun fúnra rẹ̀ ló sì tọ́ka sí omi. Ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ ni, kì í ṣe ẹni tó ń wá ìwé.

Ní ti pé ṣé kí a ri gbogbo ara bọmi bí àwọn Onítẹ̀bọmi àti ìjọ Àpósítélì ti ń ṣe, tàbí kí a da omi sórí bí ti Áńgílíkà, Mẹ́tọ́díìsì àti Kátólíìkì, n kò ní bá ẹnikẹ́ni jà. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Ìjà mi wà lórí bàbá ìsàmì àti ìyá ìsàmì. Ọmọ ọwọ́ kò lè jẹ́jẹ̀ẹ́, àwọn ló ń bá a jẹ́ ẹ, kí wọ́n sì kọ́ ọ títí yóò fi dàgbà, tí bíṣọ́ọ̀bù yóò gbọ́wọ́ lé e lórí. Lónìí, ẹni tó lówó la ń yàn. Wọn a ya fọ́tò, wọn a ná ọmọ lówó, ó tán. Mélòó nínú wọn ló mọ ilé ẹ̀kọ́ tí ọmọ náà ń lọ? Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà, òwe yìí kò sì yọ ilé ìgbàgbọ́ sílẹ̀.

Orúkọ ńkọ́? Ilé là ń wò kí á tó sọmọ lórúkọ. Oníwàásù Onítẹ̀bọmi ni David Brown Vincent, síbẹ̀ ó bọ́ orúkọ yẹn sílẹ̀ ní 1894, ó di Mójọlá Àgbébí. Ìgbàgbọ́ rẹ̀ kò yẹ̀. Ẹni tó bá wu kó sọ ọmọ rẹ̀ ní Jòhánù kó sọ ọ́, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ fún Ìfẹ́olúwa pé orúkọ rẹ̀ kò tó wọnú omi.

Ẹ̀yin òbí tí ẹ fẹ́ mú ọmọ wá, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń múra ìgbéyàwó, ẹ tọ àlùfáà yín lọ nígbà tí àkókò ṣì pọ̀. Ẹ béèrè ọjọ́ tí kíláàsì ń bẹ̀rẹ̀ kí ẹ tó béèrè iye àga tí ẹ máa yá. Ẹ̀yin àlùfáà náà, bí wọ́n bá wá bẹ̀ yín ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí ìgbéyàwó, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ pé rárá.