Ìròyìn Tó Ṣáájú Òótọ́

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 10 oṣù Kejì ọdún 2013, ni Super Eagles gba ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà ní Johannesburg. Góòlù kan ṣoṣo tí Sunday Mba gbá sínú àwọ̀n Burkina Faso ló parí ọ̀rọ̀. Ọdún 19 gbáko ni Nàìjíríà ti fi ń wá ife náà. Ayọ̀ tiwa ní ìpínlẹ̀ Oǹdó tún lé díẹ̀ sí ti àwọn tó kù, nítorí Godfrey Oboabona, ọmọ Sunshine Stars ti Àkúrẹ́, wà lára àwọn tó gbá ẹ̀yìn nínú ìdíje náà. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, a ò tíì jó tán, Stephen Keshi, olùkọ́ni tó kó wọn lọ, bọ́ sórí rédíò ní South Africa, ó ní òun ti fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Kí ló dé? Ọ̀rọ̀ náà ti wà nílẹ̀ kí ife tó dé. Ṣáájú kí Nàìjíríà tó kojú Ivory Coast lọ́jọ́ 3 oṣù náà, àhesọ ti gbalẹ̀ láàárín àwọn oníròyìn pé NFF, àjọ tó ń darí bọ́ọ̀lù Nàìjíríà, yóò lé Keshi bó bá pàdánù, wọ́n tilẹ̀ ní tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú tí ẹgbẹ́ náà máa bá padà wálé ti wà nílẹ̀. Ẹ wo ọkùnrin tó fẹ́ kojú Didier Drogba àti Yaya Touré, tó yẹ kó jókòó kó máa ro bí yóò ṣe dá wọn lọ́wọ́ kọ́, tó wá jẹ́ pé ìròyìn bí wọ́n ṣe fẹ́ lé òun fúnra rẹ̀ ló ń dún sí i létí. Nàìjíríà borí, 2 sí 1. Wọ́n tún na Mali ní 4 sí 1. Ṣùgbọ́n ohun tó ti wọ ọkùnrin náà lára kò tíì jáde, ìyẹn ló sì sọ lọ́jọ́ tó yẹ kó máa gba ìkíni. NFF sẹ́ kanlẹ̀ pé àwọn kò gbèrò irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Mínísítà eré ìdárayá ìgbà náà, Bolaji Abdullahi, bá a dá sí i, Keshi sì gbà láti padà sẹ́nu iṣẹ́.

Mi ò jókòó láti tú àṣírí ohun tí wọ́n sọ nínú yàrá ìpàdé NFF. Ìwà àwa tí a gbé ọ̀rọ̀ náà kiri ni mo fẹ́ gbé sórí ìwọ̀n: àwa tí a ń kọ̀wé, àwa tí a ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò, àti àwa tí a gbọ́ ọ tí a tún fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Ohun tí mo gbà gbọ́ ni pé kíkéde pé wọ́n ti lé ènìyàn lẹ́nu iṣẹ́, nígbà tí wọn ò tíì lé e, kò bá ìwà ọmọlúàbí mu, kódà bí wọ́n bá padà wá lé e. Apá ìkẹyìn yìí ni ọ̀pọ̀ kì í gbà.

Ẹ jẹ́ ká mú ti Gernot Rohr, ọmọ Jámánì tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ Super Eagles lọ́dún 2016. Lọ́jọ́ 16 oṣù Kọkànlá ọdún 2021, Nàìjíríà àti Cape Verde ta ọ̀mì, 1 sí 1, ní pápá Teslim Balogun l'Ékòó. Láti ìgbà náà ni ìròyìn ti ń jáde lóríṣiríṣi: wọ́n ti lé e, wọ́n fẹ́ lé e, lẹ́tà rẹ̀ ti wà nílẹ̀, owó tí wọ́n máa san fún un ló ń fa ìdádúró. Ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ni NFF tó kéde pé àwọn ti yọ ọ́. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí ọkùnrin náà fi wà lẹ́nu iṣẹ́ tí àwọn ènìyàn sì ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ti lọ. Nígbà tó wá rí bẹ́ẹ̀, àwọn tó kọ́kọ́ sọ ọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yan fanda: ṣebí a ti sọ fún yín!

Rárá o. Ọjọ́ tí ẹ sọ ọ́, kò tíì rí bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1989, ìròyìn gba gbogbo Nàìjíríà kan pé Nnamdi Azikiwe ti kú, bẹ́ẹ̀ bàbá náà wà láàyè, ó ń jẹun, ó ń sọ̀rọ̀. Ọdún 1996 ló tó papò dà. Ta ló lè fi ikú ọdún 1996 dá ẹni tó sọ ti 1989 láre? Ọdún mẹ́fà ó lé àti ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kì í ṣe ẹgbẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n irú ìwà kan náà ni. Ẹni tó sọ ohun tí kò mọ̀, tí ohun náà wá bọ́ sí i, oríire ló ṣe, a ò lè torí ìyẹn pè é ní olóòótọ́.

Àwọn baba wa tilẹ̀ lọ jìnnà ju èyí lọ. Wọ́n mọ̀ pé ọ̀rọ̀ lè jẹ́ òótọ́ pọ́ńbélé kí ẹnu tó yẹ kó sọ ọ́ má tíì là. Bí ọba bá wàjà nílẹ̀ Ìkálẹ̀, ìbáà ṣe Abodi ní Ìkòyà tàbí ọba ìlú mìíràn, àwọn ará ààfin á mọ̀, àwọn ìjòyè á mọ̀, ẹni tó ń gbálẹ̀ níbẹ̀ náà á fura. Síbẹ̀ kò sẹ́ni tó máa dúró láàárín ọjà Òkìtìpupa kó máa sọ ọ́ kí àwọn ìjòyè tí ọ̀rọ̀ kàn tó kéde. Kì í ṣe irọ́ ni wọ́n ń pa fún ìlú. Wọ́n mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ní ẹni tó ni ín, wọ́n sì mọ̀ pé kò yẹ kí ọmọ ọba gbọ́ ikú bàbá rẹ̀ lẹ́nu àlejò. Bí a bá lè bu irú ọ̀wọ̀ yìí fún òkú, kí ló dé tí a ò lè bù ú fún alààyè tó ń jí lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀ láràárọ̀?

Mo rí ohun tí irú ìròyìn báyìí máa ń ṣe nínú ilé ẹni. Ọkùnrin kan wà lágbègbè wa tó ń kọ́ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kékeré kan, ẹgbẹ́ tí orúkọ rẹ̀ kò jìnnà. Owó oṣù rẹ̀ kì í tètè dé, ìyàwó rẹ̀ ló ń gbé ilé ró. Ẹja gbígbẹ ni obìnrin náà ń tà. Á gbà á láwìn lọ́wọ́ àwọn tó ń kó o bọ̀ láti Igbókòdá, á tà á, á san owó, á tún gba òmíràn. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, rédíò kan sọ lórí ètò eré ìdárayá pé àwọn gbọ́ látẹnu ẹni tó sún mọ́ ẹgbẹ́ náà pé wọ́n ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀. Mo ń ra púpurú lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ rẹ̀ nígbà tí ẹlẹ́ja láti Igbókòdá dé. Kò bú u, kò pariwo. Ó kàn fa ọ̀rá bo agbọ̀n rẹ̀ padà, ó ní: "Ìyá Ìbejì, ẹ má bínú, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ti ọjọ́sí ná."

Ìyá Ìbejì kò tíì gbọ́ nǹkan kan. Ẹlòmíràn ló wá yọ́ ọ sọ fún un. Ó gbé fóònù, ó pe ọkọ rẹ̀. A ń gbọ́ fèrè àti ariwo àwọn ọmọ láti inú fóònù náà. "Bàbá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé wọ́n ti ní kí ẹ má wá mọ́ ni?" Ọkùnrin náà ní kí ló ń sọ, orí pápá lòun wà. Ẹlẹ́ja ti gbé agbọ̀n rẹ̀ lọ sí àtẹ ẹlòmíràn. Ọkùnrin náà ṣì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ lẹ́yìn ìgbà náà. Ilé iṣẹ́ rédíò yẹn ní nọ́ńbà rẹ̀, nítorí wọ́n ti pè é sórí ètò wọn rí. Kò sẹ́ni tó pè é lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ sọ pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó padà wá sọ pé ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀.

Ta wá ni ẹni tó sún mọ́ wọn yìí, tí a ò ń dárúkọ rẹ̀? Ibí gan-an ni ó yẹ kí oníròyìn ti jókòó ronú. Mo gbà pé ó nígbà tí a gbọ́dọ̀ bo ẹni tó fún wa ní ìròyìn láṣìírí. Bí akọ̀wé kan bá rí i pé wọ́n ń jí owó àwọn agbábọ́ọ̀lù, tó sì wá sọ, ẹ̀mí rẹ̀ lè wà nínú ewu, kí a bò ó. Ṣùgbọ́n níbi ọ̀rọ̀ pé wọ́n fẹ́ pààrọ̀ olùkọ́ni, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ní bòńkẹ́lẹ́ sábà máa ń ní ohun tó ń wá. Ó lè jẹ́ ẹni tó fẹ́ iṣẹ́ náà fún ara rẹ̀. Ó lè jẹ́ aṣojú tó fẹ́ kí orúkọ oníbàárà rẹ̀ wà lẹ́nu ayé. Ó sì lè jẹ́ ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀ tó fẹ́ mọ bóyá ìlú máa bínú bí wọ́n bá lé ọkùnrin náà. Oníròyìn tó bá gbé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ jáde láìwádìí ti di ìránṣẹ́ ẹni tí àwọn olùgbọ́ rẹ̀ kò mọ̀. Àgbà ní agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Èyí tilẹ̀ burú ju ti àgbà òṣìkà lọ, nítorí ẹnìkan tí a gbọ́ tẹnu rẹ̀, a ò fẹ́ kí wọ́n mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀bi kì í ṣe ti oníròyìn nìkan o. Àwọn tó gba ènìyàn síṣẹ́ ló ń fi ìwà wọn dá àhesọ lọ́lá. Shuaibu Amodu ló mú Nàìjíríà yege fún World Cup ọdún 2002. Ó gbé ipò kẹta nínú ìdíje Áfíríkà ní Mali, wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n gbé e fún Olóyè Adegboye Onigbinde, ọmọ Modákẹ́kẹ́. Ó tún mú wọn yege fún ti 2010, ó tún gbé ipò kẹta ní Angola, wọ́n tún yọ ọ́, Lars Lagerbäck ọmọ Sweden ló kó wọn lọ. Keshi náà ti rí irú rẹ̀ ní Togo: òun ló mú wọn dé World Cup tí wọn kò dé rí, Otto Pfister ló sì jókòó níbẹ̀ lọ́dún 2006. Níbi tí wọ́n ti ń ṣe báyìí, ẹni tó bá ń sọ pé wọn yóò lé olùkọ́ni kì í sábà jẹ̀bi. Mo ka èyí sí ìtìjú fún àwọn aláṣẹ, àmọ́ kò sọ àhesọ di iṣẹ́ ìwádìí.

Ní oṣù Keje ọdún 2015 ni NFF lé Keshi kẹ́yìn, lẹ́yìn tí orúkọ rẹ̀ hàn lára àwọn tí àjọ bọ́ọ̀lù Ivory Coast sọ pé wọ́n béèrè fún iṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn. Ó ní òun kò kọ̀wé sí wọn. Ó kú lọ́jọ́ 7 oṣù Kẹfà ọdún 2016 ní Benin City, ẹni ọdún 54. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni Amodu kú nílùú kan náà. Mi ò sọ pé ọ̀rọ̀ ẹnu ló pa ẹnikẹ́ni nínú wọn. Mo ń sọ pé a jẹ wọ́n ní gbèsè ọ̀rọ̀ rere kan tí a ò san.

Kì í sì í ṣe ohun tí kò dájú nìkan ló ń ṣe wá léṣe. Lọ́jọ́ 27 oṣù Kẹjọ ọdún 2024, NFF fúnra rẹ̀ kéde Bruno Labbadia gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ni tuntun. Kò pé ọjọ́ mẹ́rin tí wọ́n tún fi sọ pé kò ní wá mọ́, ọ̀rọ̀ owó orí ló dí i lọ́nà. Wọ́n pariwo kí ìwé àdéhùn tó délẹ̀. Augustine Eguavoen ni wọ́n sáré gbé iṣẹ́ náà fún. Bí ẹni tó ni ọ̀rọ̀ kò bá lè ní sùúrù tí ìwé fi máa délẹ̀, báwo ni yóò ṣe bá àwọn tó ń gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn wí?

Àwa náà tí a ń gbọ́ kò gbọ́dọ̀ sá sẹ́yìn. Ọkọ̀ tó ń gbé wa láti Òkìtìpupa gba Òrè lọ sí Àkúrẹ́ láti wo Sunshine Stars, inú rẹ̀ ni a ti máa ń yọ olùkọ́ni, tí a sì máa ń yan òmíràn kí a tó dé Oǹdó. Ìjọba ló ni ẹgbẹ́ náà, nítorí náà bí gómìnà bá ti yí padà, ẹnu á ti bẹ̀rẹ̀ sí í pààrọ̀ gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀. Jíjiyàn nípa bọ́ọ̀lù kò burú, kí ẹni tó fẹ́ sọ pé olùkọ́ni náà kò mọ iṣẹ́ sọ ọ́, ó lẹ́tọ̀ọ́. Ọ̀rọ̀ yí padà nígbà tí èrò tiwa bá di "wọ́n ti lé e," tí a sì tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ sí igba ènìyàn.

Ní Ìlọrin, lọ́dún 1998, àwọn oníròyìn Nàìjíríà fọwọ́ sí òfin ìwà iṣẹ́ wọn. Ó wà níbẹ̀ pé kí wọ́n ya ohun tó dájú sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí wọ́n ń méfò, kí wọ́n sì tètè tún un ṣe bí wọ́n bá ṣi ọ̀rọ̀ gbé jáde. Kò béèrè ju ohun tí ìyá wa yóò béèrè lọ́wọ́ ọmọ tó gbé ọ̀rọ̀ wálé. Ohun tó dájú tí a lè wádìí sì pọ̀: ìgbà tí ìwé àdéhùn ọkùnrin náà máa parí, oye oṣù tí wọ́n jẹ ẹ́, bóyá ìgbìmọ̀ ti jókòó tàbí wọn ò tíì jókòó. Kí wọ́n pè é kí wọ́n tó sọ̀rọ̀, kí wọ́n pe agbanisíṣẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá sì ti sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀ láàárọ̀, kí wọ́n sọ àtúnṣe rẹ̀ láàárọ̀, lórí ètò kan náà, ní ohùn kan náà, kí wọ́n dárúkọ ọkùnrin náà, kí wọ́n sì fún un láyè láti sọ̀rọ̀ bó bá fẹ́.