Ẹyẹ Inú Àgbàlá àti Ẹ̀tọ́ Ìbátan

 

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, lọ́kùnrin àti lóbìnrin, ìbéèrè kan wà lọ́rùn wa láti oṣù Dìsẹ́ńbà tó kọjá. Bàbá àgbàlagbà kan nínú ìjọ wa ní Ìkọ̀tún ló bi wá, a kò sì rí i dáhùn lójú ẹsẹ̀. A ti jókòó rò ó, a ti bi àwọn àáfà wa léèrè, ìdáhùn wa sì nìyí.

Ọjọ́ Àìkú kan ni, lẹ́yìn ìrun Àlàásárì. Ọyẹ́ ti mú, eruku ti bo ewé, ètè oníkálukú sì ń là. A lọ kí bàbá yìí nítorí pé orúnkún rẹ̀ kò jẹ́ kó lè máa wá sí mọ́sálásí déédéé mọ́. A ti gbọ́ pé ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù ti dé pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ wọn fún ọ̀sẹ̀ méjì, a sì rò pé ariwo àti ẹ̀rín ni a ó bá nínú ilé. Ṣùgbọ́n nígbà tí a sálámà lẹ́nu géètì, ohùn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ ni bàbá fi dá wa lóhùn, ó sì fọwọ́ júwe pé kí a rọra wọlé. Òun àti ọmọ-ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, jókòó lábẹ́ igi ìbẹ́pẹ. Ìwé àti bírò wà lọ́wọ́ ọmọ náà. Ẹyẹ ni wọ́n ń kà.

Ọmọ náà ṣàlàyé fún wa pé ní ìlú àwọn, ní ìparí oṣù Jánúárì nígbà òtútù, àwọn èèyàn máa ń jókòó fún wákàtí kan láti ka ẹyẹ tó bà sínú ọgbà wọn. Òótọ́ ló sọ. Ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní RSPB ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1979. Àwọn ọmọdé ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é fún, kí àwọn àgbà tó dara pọ̀ mọ́ wọn. Ó sì ní òfin: ẹyẹ tó kàn ń fò kọjá lókè kò sí nínú kíkà. Nínú irú ẹyẹ kọ̀ọ̀kan, iye tó pọ̀ jù tí o rí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni wàá kọ, kí o má baà ka ẹyẹ kan lẹ́ẹ̀mejì. Bàbá ti ka ẹ̀gà 11 lórí ọ̀pẹ, nígbà tó ṣe ó tún ka 9, ó ní kí ọmọ kọ 20. Ọmọ kọ̀. Ó ní, “Bàbá àgbà, ẹ má bínú, ó lè jẹ́ àwọn ti ìṣáájú ló padà wá.” Bàbá rẹ́rìn-ín, ó ní, “O káre, ọmọ mi. Kọ 11.”

Àdàbà 3, ológoṣẹ́ 4, lékelèke 2 lórí odi. Ẹyẹ kékeré kan tún wà létí kànga, tí àyà rẹ̀ ní àwọ̀ ìyeyè, tó ń rìn tó ń mi ìrù. Bàbá ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn nìkan ni òun ń rí i, òun kò sì mọ ibi tó ń lọ tí òjò bá dé. Ilẹ̀ Yúróòpù ló ń lọ. Ibẹ̀ ló ti ń pamọ. Bí òtútù ibẹ̀ bá ti fẹ́ dé, yóò la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá wá sọ́dọ̀ wa, bẹ́ẹ̀ ìwúwo rẹ̀ kò ju nǹkan bí 20 gíráàmù lọ. Ta ló gbé e dúró lófuurufú? Súrà Al-Mulk ti fi yé wa pé kò sí ẹlòmíràn bí kò ṣe Ọba Àjọkẹ́-ayé.

Ibi tí a dé nìyí tí ọmọ bàbá fi jáde síta. Ó kí wa tọ̀yàyàtọ̀yàyà, ó sì yíjú sí bàbá rẹ̀: “Bàbá, ọ̀rọ̀ ọ̀pẹ yẹn ńkọ́? Àwọn tó fẹ́ gé e lè wá lọ́la.” Ó fẹ́ kí wọ́n gé ọ̀pẹ náà, kí wọ́n sì da kọnkéré bo gbogbo àgbàlá. Kò sọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Imí ẹyẹ ń bo ọkọ̀, ariwo ẹ̀gà kì í jẹ́ kí ènìyàn sùn lẹ́yìn Àsùbáà, ó sì ń bẹ̀rù pé ìjì lè gbé ọ̀pẹ náà lu òrùlé lórí bàbá arúgbó. Bàbá dákẹ́. Lẹ́yìn náà ó kọjú sí wa, ó ní, “Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kéwú, ọdún 1984 ni mo ra ilẹ̀ yìí. Ọ̀pẹ yìí àti àwọn ẹyẹ orí rẹ̀ ni mo bá níbẹ̀. Ṣé wọ́n ní ẹ̀tọ́ kankan lọ́rùn mi ni, àbí àṣejù arúgbó ni mo ń ṣe?”

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ ti òfin. Ẹni tó ni ilẹ̀ lè gé igi tó wà lórí rẹ̀ nítorí ìdí tó tọ́, kò sì dẹ́ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n “èmi ni mo ni ín” kọ́ ni òpin ọ̀rọ̀ fún Mùsùlùmí, nítorí pé ohun gbogbo tó wà lọ́wọ́ wa, amáànà ni. Súrà Al-An'ām kọ́ wa pé àwọn ẹyẹ tó ń fi ìyẹ́ méjì fò jẹ́ ìjọ bí àwa náà ti jẹ́ ìjọ. Súrà An-Nūr fi kún un pé wọ́n mọ ìrun tiwọn àti àfọ̀mọ́ tiwọn. Nínú hádíìsì tí Bukhari àti Muslim gbà wá, ohun tí ẹyẹ bá jẹ lára ohun tí Mùsùlùmí gbìn, sàráà ni fún ẹni tó gbìn ín. Ìbẹ́pẹ tí bàbá yìí fọwọ́ ara rẹ̀ gbìn, tí ẹyẹ ń sá jẹ kó tó pọ́n tán, wọ́n ti ń kọ làádá rẹ̀ sílẹ̀ fún un láìjẹ́ pé ó mọ̀. Abu Dawud náà gba ìtàn ẹyẹ kan wá, tí àwọn sàhábà kó ọmọ rẹ̀ lójú ìrìn-àjò. Nígbà tí Ànábì rí bí ìyá ẹyẹ náà ṣe ń rá bàbà, ó béèrè ẹni tó dà á láàmú, ó sì pàṣẹ pé kí wọ́n dá ọmọ rẹ̀ padà fún un. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ gé igi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ohun tó fẹ́ gé àti ẹni tó fẹ́ lé. Kò sì lè mọ̀ ọ́n láìwò ó.

Ọ̀kan nínú wa wí nígbà tí a ń padà lọ pé, “Ṣé iṣẹ́ Mùsùlùmí wá ni kí ó jókòó máa wo ẹyẹ? Kéwú wà nílẹ̀, iṣẹ́ wà nílẹ̀.” Kí a rántí Abu Umayr. Àbúrò Anas ni, ọmọdé kékeré tó ní ẹyẹ kan tó fi ń ṣeré. Ẹyẹ náà kú, inú ọmọ bàjẹ́. Ànábì máa ń wá sí ilé wọn, ó sì fi ẹ̀fẹ̀ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ohun tí ẹyẹ rẹ̀ kékeré ṣe. Onímọ̀ kan, Ibn al-Qass, kọ odidi ìwé lórí hádíìsì kúkúrú yìí, ẹ̀kọ́ tó rí fà yọ nínú rẹ̀ sì tó 60. Ẹ̀kọ́ kan tó kan ọ̀rọ̀ wa ni pé ẹni tí ẹrù gbogbo ìjọ wà lọ́rùn rẹ̀ ráyè wo ọmọdé débi tó fi mọ̀ pé ó ní ẹyẹ kan. Ó wọ inú ọkàn ọmọ náà láti ara ohun tí ọmọ náà fẹ́ràn. Bí ènìyàn bá fi ẹyẹ sá fún ìrun àti iṣẹ́, ó fi àkókò ṣòfò. Bí ó bá fi mọ Ẹlẹ́dàá, tó sì fi sún mọ́ ìbátan rẹ̀, kò fi ṣòfò.

Ibí yìí gan-an ni ìbéèrè bàbá ti jinlẹ̀ ju bí a ti rò lọ. Ọmọ rẹ̀ kì í ṣe ọmọ burúkú. Oṣooṣù ló ń fi owó oúnjẹ àti oògùn ránṣẹ́, òun ló ra ẹ̀rọ omi. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fojú tín-ín-rín irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó sìn wá dé géètì, ó sọ̀rọ̀ kan wẹ́rẹ́: “Mi ò mọ̀ pé Bàbá mọ orúkọ ẹyẹ.” Ogójì ọdún ni bàbá fi ń jókòó sábẹ́ igi yẹn. Ọmọ-ọmọ tó dé láti ọjọ́ mẹ́rin ló bá a mọ̀ ọ́n, nítorí pé ó jókòó tì í fún wákàtí kan. Ànábì ti kọ́ wa pé sísan oore padà fún ìbátan nìkan kọ́ ni a ń pè ní síso okùn ìbí. Owó ń san gbèsè, ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ mìíràn wà tó jẹ́ pé ojú àti àkókò nìkan ló lè san án.

Ohun tí a kò bá sì wò, á lọ láìjẹ́ pé a mọ̀. Bàbá sọ fún wa pé nígbà tí òun dé Ìkọ̀tún, oko àti igbó ló pọ̀ níbẹ̀, igún sì máa ń bà sórí òrùlé ibi tí wọ́n ti ń pa màlúù. Ní ìkànìyàn ọdún 2006, èèyàn tó wà ní Alímọ̀ṣọ́ ti lé ní 1,200,000. Ògiri ti gba ipò oko. Igún ńkọ́? Ní ọdún 2015, àjọ IUCN kọ ọ́ mọ́ àwọn ẹ̀dá tó kù díẹ̀ kí wọ́n pòórá láyé, nítorí májèlé àti nítorí pípa tí wọ́n ń pa á ta fún òògùn. Ó dùn wá láti sọ pé àwọn tó ń kírun wà lára àwọn tó ń rà á. A bi bàbá ní ọdún tó rí igún kẹ́yìn. Kò lè sọ ọ́. Kò sẹ́ni tó ń wò wọ́n nígbà tí wọ́n ń lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn òbí àgbà wa ṣe ń lọ.

Nítorí náà, ìdáhùn wa sí bàbá ni pé bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n ní ẹ̀tọ́. Ẹ̀tọ́ náà kò sọ pé a kò gbọdọ̀ gé igi láéláé. Ó sọ pé a kò gbọdọ̀ gé e bí ẹni pé kò sí nǹkankan níbẹ̀. A gbọ́ lẹ́yìn náà pé wọ́n gé imọ̀ tó nà sórí ibi tí ọkọ̀ ń dúró sí, wọ́n sì dá ọ̀pẹ sí. Ọ̀rọ̀ kọnkéré kò tíì parí láàárín bàbá àti ọmọ, ṣùgbọ́n wọ́n ti ń sọ ọ́ lórí ìjókòó báyìí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ lọ sọ́dọ̀ àwọn bàbá àti ìyá àgbà yín, ẹ fi fóònù sápò, ẹ jókòó tì wọ́n fún wákàtí kan. Ẹ bi wọ́n ní orúkọ ẹyẹ tó wà ní àgbàlá. Ẹ má fi kànnàkànnà lé e, ẹ má sì fi ẹ̀mí rẹ̀ ṣòwò òògùn. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ, iṣẹ́ Nigerian Bird Atlas Project, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 2015, ń fẹ́ àkọsílẹ̀ àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá kà á, ẹ kà á bí ọmọ yẹn ti kà á: bó bá jẹ́ 11 lẹ rí, ẹ má kọ 20.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí a máa rí ohun tó fi sí iwájú wa kó tó lọ. Àmín.